Ewé tí wọ́n fi ń fín àjẹ́ jáde nínú ilé ní Sikọ́tílándì: èso rẹ̀ ló wà nínú sínáàpù wa, àmọ́ ó ti ń kú lọ o!

Bí ìgbà òtútù bá ti dé ní apá àríwá ilẹ̀ Sikọ́tílándì, orúkọ ọ̀nà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lórí. Ọ̀nà Cockbridge sí Tomintoul ni. Yìnyín lè má tíì bo ibòmíì, wọ́n á ti kéde pé ọ̀nà yẹn ti dí, kí awakọ̀ tó bá fẹ́ràn ara ẹ̀ yáa gba ibòmíì. Wọ́n tiẹ̀ ṣe géètì sí i. Bí yìnyín bá ti pọ̀ jù, wọ́n á tì í pa, ó di ìgbà tí ọkọ̀ akóyìnyín bá gbá ojú títì náà tán kí wọ́n tó ṣí i. Òkè kan tí wọ́n ń pè ní Lecht ni ọ̀nà náà ń gùn, ó dagun débi pé bí mọ́tò ò bá lágbára dáadáa, igbe tó ń ké nìkan á mú kéèyàn máa ka Sáàmù.

Ìlú tí ọ̀nà náà já sí lọ̀rọ̀ kàn. Tomintoul kì í ṣe ìlú ńlá o. Títì kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, gbàgede kan láàárín, ó parí. Ọdún 1776 ni Duke ti Gordon, ìyẹn ọlọ́lá tó nilẹ̀ agbègbè yẹn nígbà náà, tẹ̀ ẹ́ dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà táwọn ṣọ́jà là ní 1754. Wọ́n ní òun ni abúlé tó ga jù lọ ní gbogbo Highlands, ìyẹn ilẹ̀ olókè Sikọ́tílándì, 345 mítà ló fi ga ju òkun lọ. Ará Jọ́ọ̀sì tó ń gbé lórí òkè tó ju ẹgbẹ̀rún kan mítà lọ lè fìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún dé Tomintoul nínú oṣù January ná, ẹ̀rín á tán lẹ́nu ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló yẹ kéèyàn tìtorí ẹ̀ gbọ́ nípa ìlú yìí. Igi kékeré kan tó ń hù lára àwọn òkè tó yí i ká ni. Ẹni tó bá kọjá lára igi náà láìmọ ìtàn ẹ̀, á rò pé igbó lásán ni.

Jùnípérì lorúkọ ẹ̀. Àwọn tó bá mọ Bíbélì Yorùbá àtijọ́ dáadáa ti gbọ́ orúkọ yìí rí, òun ni wọ́n ní wòlíì Èlíjà jókòó sábẹ́ ẹ̀ nígbà tó ń sá fún Jésébẹ́lì, tó ní kí Ọlọ́run kúkú máa mú òun lọ. Àmọ́ àwọn tó gbọ́ èdè Hébérù ti ṣàlàyé pé igi mìíì ni ti Èlíjà, igi inú aṣálẹ̀ ni, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì láyé ìgbà kan ló sọ ọ́ di jùnípérì. Ti Sikọ́tílándì yìí gan-an ni ojúlówó. Kì í sábà ga ju èèyàn lọ, òmíì tiẹ̀ ń ràkò nílẹ̀ ni. Ewé ẹ̀ mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, kì í sì í wọ́wé, ì báà jẹ́ ìgbà òtútù tàbí ìgbà ooru. Bíi ti ìbẹ́pẹ ló rí, akọ ẹ̀ wà lọ́tọ̀, abo ẹ̀ wà lọ́tọ̀, abo nìkan ló ń so. Èso rẹ̀ rí roboto bí ẹ̀wà, ó ń lò tó ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó pọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí èyí tó ṣì tutù àti èyí tó ti dúdú lórí ẹ̀ka kan náà. Nínú gbogbo igi eléwé abẹ́rẹ́ tó wà ní Ìlú Ọba, mẹ́ta péré ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀, wọn ò gbé wọn wá látibòmíì, ọ̀kan nínú wọn sì ni jùnípérì. Aiteann làwọn tó ń sọ Gaelic, ìyẹn èdè àbáláyé àwọn ará òkè náà, ń pè é.

Ohun tí wọ́n ń fi igi yìí ṣe bọ́dún bá ku ọ̀la ló yẹ kéèyàn gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ná pé ọdún tuntun gan-an lọdún àwọn ará Sikọ́tílándì, kì í ṣe Kérésì. Nígbà táwọn tó ní àwọn fẹ́ẹ́ tún ẹ̀sìn ṣe gba ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́wọ́ ìjọ Àgùdà ní 1560, wọ́n ní àwọn ò rí ibi tí Bíbélì ti ní kí wọ́n máa ṣe Kérésì. Nígbà tó sì di 1640, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fòfin dè é. Àfìgbà tó di 1958 kí Kérésì tó di ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń jẹ ìrẹsì Kérésì látìgbà tẹ́ ẹ ti dáyé, ẹ wo nǹkan! Bí gbogbo fàájì ọdún ṣe rọ́ lọ sórí àìsùn ọdún tuntun nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Hogmanay, tó fi dòní yìí.

Ọ̀gbẹ́ni kan, William Grant Stewart, gbé ìwé kan jáde ní 1823, ibẹ̀ ló kó àṣà àwọn èèyàn agbègbè yìí jọ sí, títí kan ti àfonífojì Strathavon tí Tomintoul wà. Lọ́jọ́ tọ́dún máa parí, wọ́n á lọ ṣẹ́ ẹ̀ka jùnípérì wálé, wọ́n á tò ó sẹ́bàá iná kó lè gbẹ díẹ̀. Ẹnì kan á wá lọ pọnmi. Kì í ṣe omi ibi gbogbo o. Ibi táwọn alààyè ń gbà sọdá odò, tí wọ́n sì tún ń gbé òkú gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pọn ọ́n. Ẹni tó lọ pọn ọ́n ò gbọ́dọ̀ fọhùn, ohun tó fi pọn ọ́n ò sì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára omi náà ti lọ nìyẹn. Ìyá àgbà ilẹ̀ Yorùbá tó bá gbọ́ eléyìí, orí ló máa kàn mì, á ní àṣé òyìnbó náà mọ omi àìfọhùn.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, gbogbo ará ilé á mu nínú omi náà, wọ́n á tún wọ́n ọn sórí ibùsùn. Ìgbà yẹn niṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á fi àkísà dí ihò kọ́kọ́rọ́ àti gbogbo ibi tí atẹ́gùn lè gbà jáde. Wọ́n á wá tiná bọ jùnípérì. Kò ní í pẹ́ tí èéfín á fi gba gbogbo ilé kan. Ikọ́ ni, sísín ni, omi á máa dà lójú tọmọdé tàgbà. Wọn ò sì ní í tètè ṣílẹ̀kùn, torí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí èéfín náà bá ṣe le tó ni oore inú ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ìgbà tó bá dà bí ẹni pé ẹ̀mí fẹ́ẹ́ bọ́ ni ìyáálé ilé á tó lọ ṣí fèrèsé, á wá na ọwọ́ sí ìgò wisikí, á gbé e yí ká kí ojú kóówá lè là. Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n á tún gbé èéfín náà lọ sílé ẹran, kí màlúù àti ẹṣin náà gba tiwọn, kí àjẹ́ àti ojú burúkú má lè rí wọn gbé ṣe títí ọdún á fi yí po.

Ẹni tí kò bá tíì sin ẹran rí lè máa rò pé kí ló kan màlúù nínú ọ̀rọ̀ ọdún tuntun. Lórí àwọn òkè yẹn, màlúù ni oúnjẹ, òun ni owó ilé, òun ni owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san fún ọlọ́lá. Bí wàrà rẹ̀ bá ṣàdédé gbẹ láàárín òtútù, ebi ti dé nìyẹn, kò sì sí dókítà ẹran tí wọ́n máa sáré pè. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní í fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọ́n ń fín ẹran.

Àṣà mìíì tún wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyẹn ti ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilé ẹni lẹ́yìn agogo méjìlá òru. Ọkùnrin onírun dúdú ni wọ́n ń fẹ́, kó mú èédú àti wisikí dání, nígbà náà ni ọdún máa dáa. Onírun pípọ́n kì í sábà jẹ́ àlejò tí wọ́n fẹ́ẹ́ rí lásìkò yẹn. Àwọn kan ní àwọn Viking onírun pípọ́n tó máa ń wá kó wọn lẹ́rú láyé àtijọ́ ló fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní Aberdeen báyìí, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì, àwọn mìíì ń kàwé ní yunifásítì, ìrìn tí kò tó wákàtí méjì ló sì wà láti Aberdeen sí Tomintoul bí ọ̀nà bá dáa. Irun dúdú ò wọ́n wọn. Ẹni tó bá gbọ́n nínú wọn kò ní í sunkún wisikí ọ̀fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ Sikọ́tílándì nìkan ni wọ́n ti ń fi jùnípérì ṣe tùràrí. Ní Lhasa, olú ìlú Tibet, irú jùnípérì ti ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń sun nínú ààrò funfun ńláńlá níwájú tẹ́ńpìlì Jokhang, kí èéfín ẹ̀ lè gbé àdúrà lọ sókè. Ní Hunza, lápá àríwá Pakistan, àwọn adáhunṣe wọn máa ń gbórí sínú èéfín ẹ̀ títí ẹ̀mí á fi gbé wọn, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Àwọn ìlú wọ̀nyí jìnnà síra wọn gan-an, àmọ́ ohun kan pa wọ́n pọ̀: òkè ni wọ́n ń gbé. Tùràrí táwọn ìjọ aláṣọ funfun àti àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń sun, oje igi tó ń wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Sòmálíà ló pọ̀ nínú ẹ̀, owó ni wọ́n sì ń fi rà á. Jùnípérì ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ilé ló wà. Tùràrí tálákà ni.

Ẹlòmíì tó tún kọ nípa ẹ̀ ni Alexander Carmichael, ẹni tó kó àdúrà, ọfọ̀ àti ìwúre àwọn tó ń sọ Gaelic jọ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Carmina Gadelica, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1900. Àwọn erékùṣù apá ìwọ̀-oòrùn ló ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó ní wọ́n ń sun jùnípérì nínú ilé àti nílé ẹran lọ́jọ́ ọdún tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá kàn já bẹ́ẹ̀ kò níṣẹ́ tó lè jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí wọ́n pín ẹ̀ka ẹ̀ sí ìdì mẹ́rin, kí wọ́n há ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàárín ìka márààrún, kí wọ́n sì máa pe ọfọ̀ sí i. Àwọn oníṣègùn wa náà kì í já ewé kan láìpè é lórúkọ, kò sí ìyàtọ̀ ńbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ Carmichael ti pani lẹ́rìn-ín ni pé agbowó-orí ọtí niṣẹ́ tí ìjọba gbà á sí. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa mójú tó ọtí tí wọ́n ń pọn, àdúrà ló ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀, kò sígi tó bá irú iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn ṣọ̀tá tó jùnípérì.

Ẹ̀ka tútù tí ewé wà lára ẹ̀ ló ń rú èéfín bí ẹni pé ilé ń jó. Igi ẹ̀ tó bá ti gbẹ dáadáa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, geere niná ẹ̀ ń jó, èéfín ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Àwọn onífàyàwọ́ tó ń pọn wisikí sáàárín àwọn òkè Glenlivet àti Strathavon mọ èyí dáadáa. Ìjọba ti bu owó-orí gọbọi lé ọtí, ẹni tí kò bá ní ìkòkò ńlá ò lè gbàwé àṣẹ, làwọn èèyàn bá gbé ìkòkò bàbà wọn lọ sínú kòtò àti ẹ̀bá odò, igi jùnípérì ni wọ́n sì ń fi dáná kí agbowó-orí má baà rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán. Bí wọ́n bá pọn ọ́n tán, ẹṣin ni wọ́n ń dì í rù gba orí òkè lọ sílùú ńlá. Ilé kan náà tó fi jùnípérì kún èéfín láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, òun náà ló tún fi jùnípérì dáná tí kò léèéfín lálẹ́.

Ọba gan-an ò gbẹ́yìn. Nígbà tí George Kẹrin ṣèbẹ̀wò sí Edinburgh lóṣù August ọdún 1822, wisikí Glenlivet ló ní òun fẹ́, wọ́n ní kò fẹ́ẹ́ mu òmíì. Ọtí Glenlivet tó dáa lákòókò yẹn, ti fàyàwọ́ ni o! Làwọn ìjòyè ọba bá ń wá a kiri. Elizabeth Grant, ọmọ ọlọ́lá tó nilẹ̀ Rothiemurchus lódìkejì àwọn òkè náà, kọ ọ́ sínú ìtàn ayé ara ẹ̀ pé bàbá òun tó jẹ́ aṣòfin ló ní kóun kó lára èyí tó ti pẹ́ nílé ránṣẹ́ sí ọba. Nígbà tó yá, wọ́n fi bàbá yìí ṣe adájọ́ ní Íńdíà, ọmọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló sì sọ pé ọtí yẹn wà lára ohun tí wọ́n rántí kí wọ́n tó fún un níṣẹ́ náà. Adájọ́ tó fi ọtí tófin ò gbà dépò! Ẹni tó bá ní Nàìjíríà nìkan ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ ò kàwé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1823, ìjọba dín owó-orí kù, wọ́n ní kẹ́ni tó bá fẹ́ẹ́ pọntí san pọ́n-ùn mẹ́wàá gbàwé àṣẹ. Àgbẹ̀ kan ní Glenlivet, George Smith, gba tiẹ̀ ní 1824, inú àwọn aládùúgbò ẹ̀ ò sì dùn. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn máa dáná sun ilé ìpọntí náà, òun sì wà níbẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ méjì tí ọlọ́lá kan fún un ló ń gbé kiri lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí ìgò Glenlivet níbi ìnáwó l'Ékòó lónìí, tí wọ́n kó o sórí tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ táwọn onífàyàwọ́ ń gbà ṣì wà láàárín àwọn òkè náà, àwọn tó wá ṣàbẹ̀wò ló ń rìn ín báyìí.

Wàyí o, ibi tọ́rọ̀ igi yìí ti kan ilé kóówá nílẹ̀ Yorùbá là ń bọ̀ yìí. Láyé ìgbà yẹn, àpò-àpò ni wọ́n ń kó èso jùnípérì lọ sọ́jà Inverness àti Aberdeen, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí Họ́láǹdì fáwọn tó ń pọn jenever. Orúkọ igi náà ni wọ́n fi pe ọtí ọ̀hún, torí èso ẹ̀ ló ń fún un ní òórùn àti adùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè pe jenever tán ló gé e kúrú, tó di jíìnì. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ọtí Họ́láǹdì yìí, pàápàá èyí tí wọ́n ń pọn nílùú Schiedam, ti ń wọ etíkun wa nínú ìgò onígun mẹ́rin. Sínáàpù ni.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, bí wọ́n bá ń tọrọ ìyàwó, bí wọ́n bá ń ṣípìlẹ̀ ilé, tí olórí ẹbí bá fẹ́ẹ́ ta àwọn tó ti lọ lọ́rẹ, òun ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ní ààfin ọba, ẹni tó bá gbé wisikí olówó ńlá wá láìsí sínáàpù ńbẹ̀, ojú tí wọ́n máa fi wò ó ò ní í dáa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sínáàpù tí wọ́n ń rà lónìí, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ń ṣe é, àmọ́ òórùn jùnípérì yẹn náà ni wọ́n ń wá. Ìyẹn ni pé òórùn tó ń lé ibi jáde nínú ilé lórí òkè Strathavon, òun náà làwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ń dà sílẹ̀ fi wúre, láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn gbọ́ nípa ẹnì kejì.

Wọ́n tiẹ̀ tún jọra níbòmíì. Nígbà táwọn èèyàn wa fi ẹmu pọn ògógóró tiwọn, ìjọba amúnisìn ní kò bófin mu, torí owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí jíìnì òkè òkun wà lára owó tó pọ̀ jù tó ń wọlé fún wọn. Láàárín 1930 sí 1939, inú igbó àti ẹ̀bá omi lọ́pọ̀ èèyàn ti ń pọn ọ́n ní bòńkẹ́lẹ́, tí ọlọ́pàá ń lé wọn kiri, tí wọ́n ń wọ́n lọ sílé ẹjọ́. Ohun tójú onífàyàwọ́ Glenlivet rí nígbà tiwọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ò gba ẹ̀rín. Jùnípérì ti ń kú lọ ní Ìlú Ọba. Ó ti pẹ́ tí iye ẹ̀ ti ń dínkù. Àgbọ̀nrín àti àgùntàn pọ̀ jù lórí àwọn òkè, ọ̀mùnú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n ti jẹ ẹ́. Níbòmíì, arúgbó igi nìkan ló kù, kò sọ́mọ lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ Sikọ́tílándì ni èyí tó pọ̀ jù wà, agbègbè òkè Cairngorms tí Tomintoul wà sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó kù sí jù lọ.

Nígbà tó di 2011, àìsàn burúkú kan tún yọjú. Wọ́n kọ́kọ́ rí i lára jùnípérì ní Teesdale, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tó fi wọ Sikọ́tílándì náà. Kòkòrò tójú ò lè rí, tí wọ́n ń pè ní Phytophthora austrocedri, ló ń fà á. Inú ẹrẹ̀ àti omi ló ń gbé, gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á máa rà á díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí ewé bá pọ́n bí ìpẹtà tán lèèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀, ẹ̀pa ò sì ní í bóró mọ́. Kò sí oògùn tí wọ́n lè fín sí i tó máa wò ó. Orílẹ̀-èdè Ajẹntínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ọdún 2007 ni wọ́n fún un lórúkọ, níbi tó ti ń pa igi mìíì.

Èyí tó dunni jù ni ọ̀nà tí wọ́n fura pé ó gbà tàn káàkiri. Nígbà táwọn tó fẹ́ràn igi náà rí i pé ó ń tán lọ, wọ́n gbin ọmọ ẹ̀ sínú ike ní ilé ìtọ́jú irúgbìn, wọ́n wá ń kó o lọ gbìn sórí òkè. Àwọn onímọ̀ fura pé inú erùpẹ̀ ike yẹn ni àìsàn náà bá lọ sáwọn ibòmíì. Ẹni tó fẹ́ẹ́ gba ọmọ là ló gbé àìsàn wọlé tọ̀ ọ́! Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé kí wọ́n ṣọ́ra fún gbígbìn láti ilé ìtọ́jú, kí wọ́n fi wáyà ká ibi tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ ẹ́, kí igi náà lè máa hù fúnra ẹ̀. Ìrètí ò tíì pin ṣá o, torí láàárín àwọn tó ń kú, wọ́n ti rí igi díẹ̀ tí àìsàn náà ò rí gbé ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ti mú ọtí jíìnì alára. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni ilé ìpọntí jíìnì ti ń yọ bí olú ní Sikọ́tílándì, àwòrán òkè àti igbó ni wọ́n ń yà sára ìgò. Ṣùgbọ́n èso jùnípérì inú ẹ̀, Ítálì àti agbègbè Balkan lèyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Àwọn tó ń fi àpò kó o ránṣẹ́ sí Họ́láǹdì tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń rà á lókè òkun.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lọ wo ibẹ̀ fúnra ẹ̀, láàárín May sí September ni kó lọ, nígbà tí géètì orí Lecht bá wà ní ṣíṣí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2003 fún gbogbo èèyàn láyè láti máa rìn lórí òkè Sikọ́tílándì, bó tiẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́lá, bó bá sáà ti mọ̀wàá hù. Àmọ́ kó fọ bàtà ẹ̀ kó tó gbéra, kó tún un fọ̀ kó tó kúrò níbẹ̀, kó ha gbogbo ẹrẹ̀ abẹ́ ẹ̀ dànù, torí ẹrẹ̀ kékeré láti òkè kan sí òkè kejì ló ń gbé àìsàn náà kiri. Kó má sì rò ó rárá pé òun máa fa jùnípérì tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò bí Carmichael ṣe kọ ọ́. Láti 1981 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ hú igi tàbí ewéko inú igbó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ọfọ̀ tó ń dáàbò boni láyé àtijọ́, ilé ẹjọ́ ló lè gbéni lọ báyìí.

Àwọn tó ṣì ń fín ilé lọ́jọ́ ọdún tuntun wà síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan tiẹ̀ tún ti ń jí àṣà náà dìde. Ẹ̀ka kékeré kan báyìí láti inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń tanná sí, wọ́n á mú un yí yàrá ká. Fèrèsé tí wọ́n ń fi àkísà dí pa láyé Stewart, wọn ò dán an wò mọ́. Látinú oṣù February ọdún 2022, òfin ilẹ̀ Sikọ́tílándì ti sọ pé gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó máa ń pariwo bó bá ti gbóòórùn èéfín, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ mọ́ra: bí ọ̀kan bá ti ké, àwọn yòókù á gbè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.